Pèrègún Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Gé Gbòǹgbò Ká Tó Pààrọ̀ Ìkòkò

   Ẹ̀yin tí ẹ máa ń retí ẹsẹ Ifá níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti gbòǹgbò ni mo gbé wá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bọ́ládé níbí, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ilé ń wo ilé, ògiri ń fara kan ògiri, títì Agége wà níwájú, rélùwéè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ díẹ̀ tó kù, onílé ti fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ akòko tàbí odúndún, ẹ̀yìnkùlé ló máa yà sí. Àwa ńkọ́? Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, inú agolo, inú abọ́ ìfọṣọ tó ti là, ibẹ̀ la ń gbin tiwa sí. Ẹni tí kò bá gbìn rárá á sáré lọ sí ọjà Ojúwòyè ní Múṣín. Mi ò bá àwọn ìyá eléwé jà o, ọpẹ́lọpẹ́ wọn lára wa. Ṣùgbọ́n ewé tí ẹ bá rí níbẹ̀ lọ́sàn-án ti rìn jìnnà kó tó dé, ẹ ò sì mọ ẹni tó já a, ẹ ò mọ ohun tó sọ nígbà tó ń já a. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí olúkúlùkù ilé ní ewé tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ìkòkò mẹ́ta péré lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mi ò tíì sọ rí ni pé ewé inú ìkòkò kì í ṣe ewé inú ilẹ̀. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ á wá oúnjẹ tirẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú ìkòkò, ohun tí a bá fún un ló máa jẹ, ibi tí a bá fi sí ló máa wà. Bó bá pẹ́, ibẹ̀ á há mọ́ ọn.

Pèrègún tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ojúbọ Ògún ilé bàbá mi ni mo ti gé e wá. Nígbà tí àwọn ẹbí fẹnu kò láti ta ilé náà, mi ò lágbára láti dá wọn dúró. Mo gé ọ̀pá mẹ́ta lára pèrègún tó yí ojúbọ ká, mo dì í sínú àpò sìmẹ́ǹtì, mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò títí dé Òṣòdì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hù. Ilé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Òkúta Ògún tó wà níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí katakata gbé e lọ. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú ojúbọ tí bàbá mi ti ń bọ Ògún, tí bàbá tirẹ̀ náà ti bọ ọ́, òun ni pèrègún tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ní Bọ́ládé yìí.

Ó lo ọdún méje nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Níkẹyìn, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó àwọn tó kù ń gbẹ. Bí mo bá bu omi sí i, omi náà á gba ìsàlẹ̀ jáde wàràwàrà bí ẹni pé asẹ́ ni mo bu ú sí, nígbà tó bá sì di ọ̀sán, ewé á tún rọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, nǹkan yìí ń kú lọ o." Mo fi omi kún omi. Mo kó ìgbẹ́ adìẹ lé e lórí. Nígbà tí kò gbọ́, mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀, mo bi Ifá. Ifá ní kí n wo ìsàlẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ ni ó ní kí n bọ. Mo bọ ilẹ̀. Ẹbọ kì í ṣòfò, ṣùgbọ́n pèrègún ò yí padà.

Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní SS2 ló là mí lójú. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wá wo nǹkan." Mo rí òyìnbó kan tó dorí ìkòkò ewé kodò, tó fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ yíká, tó tún un gbìn sínú ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wo ewé náà dáadáa. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe igbó lèyí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Igbó ni lóòótọ́. Láti 2018 ni òfin ti gbà á ní ibi púpọ̀ ní Kánádà pé kí èèyàn gbin díẹ̀ sílé. Níbí, òfin ò gbà á o, àwọn NDLEA kò sì ní bi yín bóyá inú ìkòkò lẹ gbìn ín sí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé bàbá aláwo ló ní kí òun gbin igbó! Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọ̀bẹ yẹn, ọgbọ́n ni. Ewé yòówù tó bá pẹ́ nínú ìkòkò, ìyà kan náà ló ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Olúwo tó kọ́ mi nífá fún mi ní akòko kan nínú ìkòkò amọ̀ kó tó papò dà. Ẹ mọ iyì akòko: ewé tí a fi ń joyè ni. Ní ọdún bíi mẹ́fà sẹ́yìn, mo rí i pé ìkòkò ti kéré fún un. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo fọ́ ìkòkò náà, mo fi àdá gé ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ dànù kí ó lè wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ní nílẹ̀. Mi ò dín ewé orí rẹ̀ kù, mo sì gbé e sínú oòrùn ọ̀sán. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, ewé ti rọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igi ti gbẹ. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ awo pé ọyẹ́ ló pa á. Kì í ṣe ọyẹ́, kì í ṣe ayé. Ọwọ́ tèmi ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà láti gé, á jókòó máa wò ó títí yóò fi kú. Mo dúró di oṣù kẹrin ọdún yìí, lẹ́yìn òjò kejì. Mo gbé obì kalẹ̀ fún Ògún, obì yàn. Mo wá fi ọ̀bẹ ya bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nítorí pèrègún ò ṣeé fà yọ mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò ti gba gbogbo àyè, ó lọ́ mọ́ra bí òṣùká, yíká, yíká, òun fúnra rẹ̀ ti di bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́ adìẹ tí mo kó lé e ti jó àwọn tó wà lókè. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí Ifá ń wí: wo ìsàlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nínú èyí tó kú àti èyí tó yè ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ báyìí.

Ìdí tí a fi ń gé e

Ṣóńṣó gbòǹgbò kéékèèké ló ń mu omi. Àwọn gbòǹgbò ńlá, iṣẹ́ tiwọn ni láti di igi mú àti láti gbé omi lọ sókè. Bí gbòǹgbò bá kan ara ìkòkò, kò ní dúró, á máa yí po. Bó bá yí po títí, á nípọn, á máa fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí ẹ bá kàn gbé irú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá láìgé e, yíyí náà ni yóò máa yí lọ níbi tó wà, kò ní mọ̀ pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ibi tí ọ̀bẹ kàn á yọ gbòǹgbò tuntun wẹ́wẹ́, àwọn yẹn ni yóò wọ inú ilẹ̀ tuntun lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ wo ìgbà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má ṣú bá yín.

Ẹ bomi rin ín lọ́jọ́ tó ṣáájú. Gbòǹgbò tó ti mu omi kì í tètè ṣẹ́, ilẹ̀ náà á sì rọ̀.

Ìkòkò tuntun kò gbọdọ̀ tóbi jù. Kí ó fi ìka méjì tàbí mẹ́ta ju ti àtẹ̀yìnwá lọ yíká, ó tó. Bí ìkòkò bá tóbi rẹpẹtẹ, omi á dúró sínú ilẹ̀ tí gbòǹgbò ò tíì dé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi àpáàdì bo ihò náà kí ilẹ̀ má bàa máa dà jáde. Ẹ gbé ìkòkò lé orí bùlọ́ọ̀kù kí omi lè rí ọ̀nà lọ.

Ilẹ̀ tí mo ń lò: ìwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀dú, ìwọ̀n kan yanrìn odò, ìwọ̀n kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa tí kò rùn mọ́. Ẹ má lo yanrìn òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀bẹ mímú tàbí àlùmágàjí ni kí ẹ lò, ẹ má lo àdá bíi tèmi. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bọ́ sórí ewé mìíràn, kí àìsàn ọ̀kan má bàa ran èkejì.

Bí ẹ bá ti yọ ọ́ jáde, ẹ fi ìka tú u jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wò ó. Gbòǹgbò tó wà láàyè á le, ọ̀pọ̀ wọn á funfun. Ti pèrègún dàbí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ẹ má rò pé àìsàn ni. Èyí tó ti kú á dúdú, á rọ̀, bí ẹ bá fà á, awọ á bọ́ sọ́wọ́ yín, á sì máa rùn. Ẹ gé gbogbo èyí tó ti kú kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbi mẹ́rin, kí ó jìn tó ìwọ̀n oríkèé ìka kan, kí ẹ sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò bí ìbú ìka méjì. Àpapọ̀ ohun tí ẹ bá gé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí ara ewé náà kò bá yá tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ti tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ dín ewé orí rẹ̀ kù pẹ̀lú. Ibi yìí ni mo ti pa akòko Olúwo mi. Gbòǹgbò tó ti dín kù kò lè fún ewé tí kò dín ní omi mu. Bí ẹ bá mú ìdá kan nísàlẹ̀, ẹ mú bíi ìdá kan lókè.

Ẹ gbìn ín kí ó jìn tó bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ìbú ìka méjì sílẹ̀ lókè fún omi. Ẹ rọra tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé lè rọ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ rì í sómi. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ náà: bó bá ti gbẹ dé oríkèé kan, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bu omi. Kò gbọdọ̀ sí ajílẹ̀ mìíràn fún oṣù kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì já ewé lára rẹ̀ fún omi ẹ̀rọ̀ tàbí àgbo títí ewé tuntun yóò fi yọ. Aláìsàn ni, ẹ má rán an níṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ewé la ń gé

Pèrègún àti akòko fara da ọ̀bẹ. Ẹ lè ṣe é fún wọn lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta. Ewúro náà bẹ́ẹ̀, ẹfinrin náà bẹ́ẹ̀ bí ìdí rẹ̀ bá ti di igi. Rinrin ńkọ́? Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, kò sì lágbára. Ẹ fi ṣíbí gbé e tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má gé nǹkan kan. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ láyé, irúgbìn rẹ̀ ni kí ẹ tún fọ́n. Odúndún, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó gbìn ín. Àbámọdá ò tiẹ̀ fẹ́ wàhálà kankan: ẹ fi ewé rẹ̀ kan lélẹ̀, ọmọ á hù létí ewé náà. Bí ẹnìkan bá sì hu ọmọ ọ̀pẹ sínú ìkòkò, kí ó má fi ọ̀bẹ kan gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀pẹ kò fẹ́ ìdààmú nísàlẹ̀. Ẹ gbé e lódindi.

Ẹ wo ohun tí ẹ ń gbin ewé sí

Èyí ṣe pàtàkì fún àwa ará Òṣòdì àti Múṣín, tí mẹ́káníìkì pọ̀ láàárín wa. Mo ti rí ilé kan tí wọ́n gbin ẹfinrin sínú pálí bátìrì mọ́tò tó ti kú. Mo ní kí wọ́n dà á nù lójú ẹsẹ̀. Òjé wà nínú bátìrì, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sí ẹbọ tó ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má bu ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, ẹ má bu ti etí gọ́tà, ẹ má lo ike tí oògùn kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ rí. Ewé tí a óò mu, tí a óò jẹ, tí a óò fi wẹ ọmọ tuntun ni.

Ṣé èèwọ̀ ni?

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí pé, "Bàbá, ṣé a lè fi ọ̀bẹ kan ìdí pèrègún Ògún?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé irin ni Ògún fi ń ṣiṣẹ́, ewé sì ni iṣẹ́ Ọ̀sanyìn. Kò sí ìjà láàárín wọn. Bí a ṣe ń kí ewé ká tó já a, ẹ kí i ká tó gé e. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un. Gbòǹgbò tí ẹ bá gé, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ rì í mọ́lẹ̀, ibi tó ti wá ni yóò padà sí. Àwọn kan á ní a kì í já ewé nírọ̀lẹ́. Òótọ́ ni, òwúrọ̀ la ń já ewé tí a fẹ́ fi ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n a ò já a, aṣọ la fẹ́ pààrọ̀ fún un.

Ẹ sì rántí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì. Ta ni gbòǹgbò rẹ̀ tún gé tó tiwọn? Wọn ò rí ìrókò lọ́hùn-ún. Igi mìíràn tó jọ ọ̀dán ni wọ́n ń pè ní ìrókò, òun ni wọ́n sì ń bọ títí dòní. Pèrègún wà lọ́dọ̀ wọn nínú àwọn ilé òrìṣà ní Bahia, orúkọ tí àwa ń pè é náà ni wọ́n ń pè é. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910 ṣì wà níbẹ̀. Bí tiwọn bá lè hù lẹ́yìn òkun, kí ni yóò dí tiwa lọ́wọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin á máa bi mí léèrè pèrègún bàbá mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Mi ò sùn dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i, ó pè mí jáde láàárọ̀ kùtùkùtù: ewé tuntun, tútù minijọ, ó yọ lórí méjì nínú ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pá kẹta kú. Mi ò ní purọ́ mọ́ bíi ti akòko: ó ti pẹ́ jù kí n tó gé e, ẹ̀rù tó bà mí ló pa á.

Àwọn orí tí mo gé kúrò lára àwọn ọ̀pá náà, mi ò jù wọ́n nù. Mo gbin wọ́n. Ọ̀kan wà nílé àbúrò mi obìnrin ní Ìsọlọ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ mi, ẹni tó gbé fóònù wá. Òun ló ń bomi rin ín. Ojúbọ bàbá mi ti kúrò lójú kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe kí ọdún Ìṣẹ̀ṣe ti ogúnjọ́ oṣù kẹjọ tó dé nìyẹn: ewé tó bá ti ilé bàbá yín wá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn nínú ẹbí ní ọ̀pá kan. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Nígbà tí a bá tún pàdé, màá sọ bí a ṣe ń sá ewé nígbà òjò tí kò fi ní bu. Kí Ọ̀sanyìn má jẹ́ kí ewé wọ́n wa nílé. Kí Ògún má jẹ́ kí ọ̀bẹ tí a fi ń tún nǹkan ṣe bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ o.